“Database is locked”: Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Láti Ìsánlú ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lẹ́yìn mi, ẹ má bínú, ata ni wọ́n ń lọ ní òdìkejì títì. Bí a bá ní ká dúró dè wọ́n, ilẹ̀ á ṣú.

Ọ̀rọ̀ tòní, ẹ̀yin lẹ bi mí. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ti ń wọlé láti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú yín: ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ yín pamọ́ sínú Subversion tàbí Git, kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní `database is locked`, tàbí ó ní fáìlì kan tó ń jẹ́ `index.lock` ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ wá ń bi mí pé ṣé kẹ́ ẹ pa á rẹ́ ni. Ìdáhùn mi ni pé ó dá lórí irú títì tó jẹ́, àti bóyá ẹni tó tì í ṣì wà nídìí iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ohun tí àwa ń lo irú sọ́fítíwià yìí fún, kí ẹni tí kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà lè bá wa lọ. Ohùn àwọn àgbà là ń gbà sílẹ̀ níbí, Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, a sì ń kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èèyàn mẹ́rin la wà nídìí ẹ̀: ọ̀kan ní Kàbbà, ọ̀kan ní Lọ́kọ́ja, ọ̀kan ní Ìlọrin, èmi náà níbí. Tó bá jẹ́ orí WhatsApp la ti ń fi fáìlì ránṣẹ́ síra wa ni, ẹ mọ bó ṣe máa rí: “ìkẹyìn”, “ìkẹyìn 2”, “ìkẹyìn gidi”, “èyí ni kẹ́ ẹ lò o”. Subversion ló gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo wà lórí sáfà, kálukú sì ní ẹ̀dà tirẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù. Tó o bá parí apá kan, wàá ṣe commit, ó á kọ orúkọ rẹ sílẹ̀, àti ọjọ́, àti gbogbo ohun tó o yí padà. Tí ẹnì kan bá ba nǹkan jẹ́ lónìí, a lè padà sí bó ṣe wà lánàá.

Àwọn kan á ní kí ló dé tá ò lo Git tí gbogbo ayé ń lò. A ń lò ó fún ojú-ìwé wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá wa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Kàbbà, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni, TortoiseSVN ló sì bá wọn lára mu. Wọ́n á tẹ ọwọ́ ọ̀tún máòsì lórí fódà, wọ́n á yan “SVN Commit”, ó parí. Èmi ò rí ìdí tí mo fi máa da àgbàlagbà láàmú nítorí ohun tó lòde.

Àwọn ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan.

“Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí ti tilẹ̀kùn mọ́ mi síta o.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kí ló kọ síbẹ̀?”

Wọ́n kà á fún mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́ tó ń pe àpèkọ: E155004, working copy locked. Iná ló lọ nígbà tí wọ́n ń ṣe update lọ́wọ́, bátìrì láptọ́ọ̀pù ọ̀hún kò sì gbé iná dúró mọ́ tipẹ́tipẹ́. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ṣe commit kẹ́yìn. Wọ́n ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Inú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ bàbá kan tó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún sílẹ̀, ọ̀rọ̀ oko àti iṣẹ́ àgbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sí lẹ́nu àwa ọmọ ìsinsìnyí mọ́. Ìyá wa ti padà lọ bá bàbá náà, wọ́n ti bi wọ́n ní ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò yé wọn, wọ́n sì kọ àlàyé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohùn bàbá wà lọ́wọ́ wa. Àlàyé ẹ̀gbẹ́ yẹn kò sí níbòmíràn, bàbá sì ti papò dà.

“Mà, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan o.”

“Ọmọ àbúrò mi wà níbí, ó ní ká pa fódà náà rẹ́, ká tún un gbà láti orí sáfà. Ó ní kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ní kó gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ.”

Ọmọ náà kò sọ ohun tí kò sí. Ìmọ̀ràn tó kún inú íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn: pa á rẹ́, gba tuntun. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, títì náà á lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí o kò tíì commit á bá a lọ, nítorí sáfà kò rí i rí. Ẹni tó gbà ọ́ nímọ̀ràn ò ní sí níbẹ̀ nígbà tó o bá ń wá a.

Ó dáa. Kí ló dé tí sọ́fítíwià fi ń ti fáìlì ná? Tí ẹni méjì bá ń kọ sínú ìwé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, tí èyí ń kọ ìlà kẹta, tí ìyẹn ń pa ìlà kẹta rẹ́, ìwé náà á di jágbajàgba. Nítorí náà, prógíráàmù tó bá kọ́kọ́ dé á sọ pé “mo wà nínú ilé o”, àwọn yòókù á dúró. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà sọ ọ́, ẹ jẹ́ ká fi balùwẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ṣàlàyé rẹ̀. Ní ọ̀nà kìíní, ẹni tó ń wẹ̀ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Bó bá ti kúrò, ilẹ̀kùn ṣí. Ní ọ̀nà kejì, ó fi aṣọ ìnura kọ́ ẹnu ọ̀nà. Bó bá jáde tí kò mú aṣọ náà, gbogbo ilé á tò síta, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kankan nínú balùwẹ̀.

SQLite, dátábéèsì kékeré tí Richard Hipp gbé jáde ní ọdún 2000, tó wà nínú fóònù ọwọ́ yín báyìí, ẹ̀yìn ló fi ń ti ilẹ̀kùn. Windows tàbí Linux fúnra rẹ̀ ló ń bá a di títì náà mú. Tí prógíráàmù bá kú, tí iná bá lọ, títì yẹn ti bá a lọ nìyẹn. Nítorí náà, tí SQLite bá sọ fún ọ pé `database is locked`, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an.

Git, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2005, aṣọ ìnura ló ń lò. Tó bá fẹ́ yí àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ `index` padà, ó á dá fáìlì `index.lock` sínú fódà `.git`, ó á kọ èyí tuntun sínú rẹ̀, tó bá parí, ó á yí orúkọ rẹ̀ padà sí `index`. Ọgbọ́n tó dáa ni. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ láàárín, `index.lock` á wà níbẹ̀ títí di ọ̀la, títí di ọdún tó ń bọ̀.

Subversion wá da méjèèjì pọ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń rú àwọn èèyàn lójú. Láti ẹ̀yà 1.7 tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2011 ni gbogbo àkọsílẹ̀ ẹ̀dà rẹ ti wà nínú fáìlì kan, `wc.db`, nínú fódà `.svn` tó fara pamọ́. SQLite ni `wc.db` yẹn. Tí prógíráàmù mìíràn bá dì í mú, E200033 lo máa rí, pẹ̀lú `database is locked`. Ẹni tó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú `wc.db` kan náà, Subversion ní tábìlì kan tó pè ní WC_LOCK, ibẹ̀ ló máa ń kọ ọ́ sí pé òun ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nínú fódà kan. Bí iná bá lọ, ìlà yẹn á ṣì wà níbẹ̀, E155004 ni wàá sì rí. Aṣọ ìnura ni. `svn status` á fi lẹ́tà L hàn ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fódà náà.

Kí ẹ má bàa ṣì í mú: irú títì kẹta wà tó jẹ́ pé èèyàn ló mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é, `svn lock`. Fáìlì ohùn la máa ń lò ó fún, torí pé ẹ ò lè da ohùn tí ẹni méjì gé lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ bí ọ̀rọ̀ orí ìwé. Àṣà àtijọ́ ni. RCS tí Walter Tichy ṣe láyé ọdún 1980 sí 1989, títì ni gbogbo ìlànà rẹ̀: o ò lè fọwọ́ kan fáìlì láìjẹ́ pé o kọ́kọ́ tì í mọ́ ara rẹ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti fáìlì tó sì rìnrìn àjò, wàhálà dé. Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ pe ẹni náà lórí fóònù. `svn unlock --force` wà o, ṣùgbọ́n ẹ pè é ná.

E155004 lọ̀rọ̀ ìyá wa, aṣọ ìnura nìyẹn. Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe rèé. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ da gbogbo fódà náà kọ sórí fláàṣì, tòun ti `.svn` inú rẹ̀, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ó gba bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nítorí àwọn fáìlì ohùn, ọmọ àbúrò wọn ń mí kanlẹ̀ lẹ́yìn, mo ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n tún tàn án, kí wọ́n má ṣí prógíráàmù kankan. Ìgbà yẹn ni mo tó ní kí wọ́n tẹ ọwọ́ ọ̀tún máòsì, kí wọ́n lọ sí TortoiseSVN, kí wọ́n yan “Clean up”, kí wọ́n rí i pé wọ́n fàmì sí “Break write locks”.

Kí ló dé tí mo fi ní kí wọ́n tún ẹ̀rọ tàn? Torí pé `svn cleanup` kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Àwọn tó kọ Subversion sọ ọ́ fúnra wọn nínú àlàyé àṣẹ náà: kò sí ohun kankan tó ń dáàbò bo títì tí prógíráàmù Subversion mìíràn ṣì ń lò, bí o bá sì ṣe cleanup nígbà tí òmíràn ń ṣiṣẹ́, ẹ̀dà rẹ lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó á ká aṣọ ìnura kúrò, yálà ẹnì kan wà nínú balùwẹ̀ tàbí kò sí. Ìwọ lo gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí ẹnì kankan níbẹ̀, àṣẹ tó dára jù ni, torí kì í kàn ṣí títì. Ó máa ń kọ́kọ́ parí iṣẹ́ tí iná dá dúró, lẹ́yìn náà ló tó ká àmì kúrò. Kì í fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tó o kọ.

Kò pé ìṣẹ́jú kan, ó parí. Mo ní kí wọ́n so láptọ́ọ̀pù mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, kí wọ́n ṣe update, kí wọ́n ṣe commit, kí wọ́n má tíì sùn. Mo rí i tó wọlé lórí ẹ̀rọ tèmi níbí: ọ̀rọ̀ bàbá àti gbogbo àlàyé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?”

“Ó rọrùn mà. Ẹ tètè pè ni.”

Nísinsìnyí, ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa. Lẹ́yìn tí iná bá lọ, ẹ lè rí fáìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ `wc.db` tó ń jẹ́ `wc.db-journal`. Ó jọ àmì títì. Ó jọ pàǹtírí tí prógíráàmù gbàgbé. Ẹ má pa á rẹ́. Kí SQLite tó yí ojú-ewé kan padà nínú dátábéèsì, ó máa ń kọ bí ojú-ewé náà ṣe wà tẹ́lẹ̀ sínú journal yẹn. Tí iná bá lọ láàárín, dátábéèsì ti yí padà dé ìdajì; journal ló máa fi dá a padà nígbà tí ẹ bá tún ṣí i. Ẹni tó bá pa á rẹ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba dátábéèsì jẹ́. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí `index.lock` ti Git nìyẹn: ọ̀kan ṣe é pa rẹ́ nígbà tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, èkejì jẹ́ oògùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí E200033 ńkọ́? Ẹ wá ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lórí Windows, ẹ ṣí Task Manager, ẹ wò ó bóyá `svn.exe` kan ṣì ń ṣiṣẹ́, tàbí TortoiseProc. TSVNCache náà máa ń wà níbẹ̀. Òun ló ń ya àmì aláwọ̀ ewé sára fódà, ó sì máa ń ka `wc.db` nígbà gbogbo. Lórí Linux, `lsof .svn/wc.db` á dárúkọ ẹni tó ṣí i. Prógíráàmù tẹ́ ẹ fi ń kọ kódù lè máa pe Subversion lábẹ́lẹ̀ láìsọ fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni prógíráàmù tó ń wá kòkòrò inú kọ̀ǹpútà. Lọ́pọ̀ ìgbà, tẹ́ ẹ bá mu omi kan, tẹ́ ẹ padà wá, ó ti parí.

Ẹni tí mo máa ń bá jà jù ni ẹni tó fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú Google Drive tàbí OneDrive. Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe é. Sọ́fítíwià yẹn máa ń gbé fáìlì lọ gbé e bọ̀ láìka ti ẹni tó ń kọ sí i lọ́wọ́ sí. Ó lè gbé `wc.db` ti àná dé pẹ̀lú journal ti òní. Fódà tó wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú ọ́fíìsì náà léwu, torí SQLite gbára lé kí ibi tí fáìlì wà mọ bí a ṣe ń di títì mú, àwọn mìíràn kì í sọ òótọ́ lórí ìyẹn. Ìṣòro yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nígbà tí Subversion 1.0 jáde ní ọdún 2004, Berkeley DB ló fi ń tọ́jú gbogbo iṣẹ́ lórí sáfà. Bí prógíráàmù kan bá kú lójijì níbẹ̀, gbogbo ibi ìpamọ́ á ganpa, àfi kí alábòójútó wá ṣe `svnadmin recover`. Lọ́dún kan náà ni wọ́n gbé FSFS jáde, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ní ọdún 2005 wọ́n sì sọ ọ́ di èyí tí gbogbo èèyàn ń bá bẹ̀rẹ̀.

Ti Git kò gùn. Ẹ ti VS Code àti gbogbo ohun tó lè máa pe Git pa. Ẹ wò ó nínú Task Manager, tàbí kẹ́ ẹ tẹ `ps aux | grep git`. Ẹ rántí pé ibi tẹ́ ẹ ti ń kọ àlàyé commit lè ṣì wà ní ṣíṣí nínú fèrèsé mìíràn, láàyè nìyẹn. Tí kò bá sí nǹkan kan, ẹ pa `.git/index.lock` rẹ́, òun nìkan, kì í ṣe `index`, kì í ṣe fódà `.git`. Mo ti rí ẹni tó pa gbogbo `.git` rẹ́ nítorí fáìlì kan.

Tí `wc.db` bá ti bàjẹ́ ní tòótọ́ ńkọ́? Ẹ lè fi `sqlite3 .svn/wc.db "pragma integrity_check"` yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá dáhùn ní `ok`, ara rẹ̀ le. Tó bá ń ka àṣìṣe sílẹ̀ lóríṣiríṣi, ẹ ṣì lè rí iṣẹ́ yín gbà. Ẹ gba ẹ̀dà tuntun sínú fódà mìíràn, kẹ́ ẹ da fáìlì yín láti inú fódà àtijọ́ kọ sórí rẹ̀, láìmú `.svn`. `svn status` á fi ohun tó yàtọ̀ hàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ gba ẹ̀dà tuntun yẹn ní nọ́ńbà tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú `-r`, kẹ́ ẹ tó ṣe update. Tẹ́ ẹ bá gba ti òní, tẹ́ ẹ wá da fáìlì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lé e lórí, ẹ ti pa iṣẹ́ àwọn yòókù rẹ́ nìyẹn, láìmọ̀.

Ẹnì kan láti Ìlọrin kọ̀wé pé bó bá jẹ́ Git ni ìyá wa ń lò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ì bá má wà láìpamọ́, torí Git lè ṣe commit lórí láptọ́ọ̀pù láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Òótọ́ ni, mo gbà fún un. Subversion gbọ́dọ̀ rí sáfà kó tó gba commit. Ohun tá a ṣe ni pé gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà tàbí kò sí, ìyá wa ń da fódà náà kọ sórí fláàṣì méjì, ọ̀kan wà nílé, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ àbúrò wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rán wọn létí báyìí.

Ẹ máa fi ìbéèrè yín ránṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n dá yín lóhùn dáadáa, ẹ má kàn kọ “kò ṣiṣẹ́” sí mi. Ẹ kọ nọ́ńbà àṣìṣe tẹ́ ẹ rí, E pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́fà tó tẹ̀lé e, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó dé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ àmì ohùn la máa gbé yẹ̀ wò, ìdí tí “ọ̀” tèmi fi máa ń di méjì lórí ẹ̀rọ tiyín. Ó dàbọ̀.